Kí ni olú iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi ń wá ní Àbújá tí kò sí òkun?

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ kan di àríyànjiyàn níbi iṣẹ́ wa. Ẹnì kan ní ìdí tí àwọn olè fi ń jí epo rọ̀bì wa gbé kò ju pé àwọn ọ̀gá néfì jókòó sí Àbújá, níbi tí kò sí òkun. Ṣé òótọ́ ni? Ibo ni olú iléeṣẹ́ wọn wà tẹ́lẹ̀, ta ló sì gbé e kúrò níbẹ̀? Kí tiẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà ń fẹ́ wọṣẹ́ ọ̀hún, ṣé Àbújá ló máa gbà lọ ni?” (Òǹkàwé kan láti Ìlaròó)

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn níbi iṣẹ́ yín kò dá a sọ. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu lọ́yà. Ọ̀rọ̀ tó dùn ún sọ ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbé máàpù kalẹ̀ kí ẹ wò ó. Bí ẹ bá fa ìlà tààrà láti Èkó dé Bonny, ní agbègbè tí wọ́n ti ń jí epo gan-an, nǹkan bí 470 kìlómítà ni. Ẹ wá fa òmíràn láti Àbújá dé Bonny, nǹkan bí 520 ni. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò ju àádọ́ta kìlómítà lọ. Ọ̀gá tó jókòó sí Apapa kò lè rí olè tó wà ní Bonny, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó jókòó sí Garki ní Àbújá. Iṣẹ́ wọn kọ́ sì ni kí wọ́n rí i látorí àga, màá dé orí ìyẹn.

Èkó ni olú iléeṣẹ́ náà wà tẹ́lẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Kí néfì tó di néfì, ẹ̀ka ìjọba kan wà láyé àwọn òyìnbó amúnisìn tí wọ́n ń pè ní Marine. Gúúsù ní tirẹ̀, Àríwá ní tirẹ̀. Nígbà tí Lugard so ìhà méjèèjì pọ̀ ní 1914 ni wọ́n da méjèèjì pọ̀ di Nigerian Marine. Wọn ò tìtorí ogun dá a sílẹ̀. Wọ́n ń kó iyanrìn kúrò lójú ọ̀nà ọkọ̀, wọ́n ń gbé bóyà, ìyẹn àmì tó ń léfòó, sójú omi kí àwọn awakọ̀ lè mọ ibi tó jìn, wọ́n ń tún ọkọ̀ ṣe, wọ́n sì ń kó èrò àti ẹrù ìjọba gba ojú ọ̀sà àti odò Ọya. Lóòótọ́ wọ́n bá wọn lọ sójú ogun Kamẹrúùnù nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà, àmọ́ nídìí iyanrìn àti bóyà ni ẹ ó ti bá wọn lọ́pọ̀ ìgbà.

Nígbà tó yá, ìjọba pín iṣẹ́ náà. NPA gba ọ̀rọ̀ èbúté ní 1955, ẹ̀ka tó ń rí sí odò abẹ́lé gba odò, ohun tó kù ni wọ́n fi dá ọmọ ogun ojú omi sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà 1956. Títí dòní, ọjọ́ yẹn ni wọ́n fi ń ṣe àjọ̀dún wọn. Ní 1958 ni òfin tó sọ wọ́n di ọmọ ogun gidi jáde, ní 1959 ni wọ́n sì rí ọkọ̀ ogun tó lórúkọ gbà lọ́wọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: HMS Hare, ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láti máa pa àdó olóró inú omi run, tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Nigeria. Òyìnbó méjì ló kọ́kọ́ darí iléeṣẹ́ náà, Skutil àti Kennedy, kó tó kan Joseph Edet Akinwale Wey ní 1964. Inú Marine àtijọ́ yẹn ni Wey ti kọ́ṣẹ́ ẹ́ńjìnnì, kò tíì sí ohun tó ń jẹ́ néfì nígbà náà.

Lójú tèmi, àsìkò yẹn ni èrò pé olú iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà létí omi ti wọ̀ wá lára. Ọkọ̀ wọn ò pọ̀, ìlú kan náà ni wọ́n sì ń so gbogbo wọn mọ́. Ẹni tó fọwọ́ sí ìwé ní òwúrọ̀ lè fẹsẹ̀ rìn lọ wo ọkọ̀ tó fọwọ́ sí i fún kí oòrùn tó mú. Kò sẹ́ni tó ń bi ara rẹ̀ pé ibo ni ọ́fíìsì parí sí, ibo ni èbúté ti bẹ̀rẹ̀.

Ogun abẹ́lé ló kọ́kọ́ ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ní oṣù Keje 1967, wọ́n kó ọmọ ogun gba ojú omi lọ gba Bonny. Ọkọ̀ ogun wa NNS Ogoja, tí Akin Aduwo ń darí, kọjú ìjà sí NNS Ibadan, ọkọ̀ Nàìjíríà tó ti bọ́ sọ́wọ́ Biafra, ó sì ṣẹ́gun rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá, wọ́n tún gba ojú omi wọ Calabar. Èkó ni wọ́n ti gbèrò gbogbo rẹ̀, Èkó ni epo, oúnjẹ àti ọta ìbọn ti ń wá, ṣùgbọ́n ẹni tó ń pinnu bóyà kí wọ́n yìnbọn tàbí kí wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ wà lórí ọkọ̀ lọ́hùn-ún. Kò sí ọ̀gá kankan l'Ékòó tó lè bá a ṣe ìpinnu yẹn, bó ti wù kí fèrèsé rẹ̀ kọjú sókun tó.

Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ lónìí ti wá mú kí ó hàn kedere. Kọmáàńdì mẹ́ta ló pín omi wa láàárín ara wọn: ti ìwọ̀-oòrùn ní Apapa, ti àárín ní Yenagoa, ti ìlà-oòrùn ní Calabar. Àwọn wọ̀nyí ló ni ọkọ̀, àwọn ló ń lọ sójú omi, àwọn ló ń mú èèyàn. Kọmáàńdì tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wà ní ìpínlẹ̀ Rivers, èyí tó ń rí sí ohun èlò wà ní Oghara, ìpínlẹ̀ Delta. Ẹ ò rí Àbújá nínú rẹ̀. Bí ọ̀gá néfì bá fẹ́ kí omi rọ̀ sí òun lára, ó ní láti wọ ọkọ̀ òfurufú.

Kí ló wá ń ṣe ní Àbújá? Ibi tí agbára wà ló tẹ̀ lé. Ìjọba Murtala ló pinnu ní 1976 pé kí olú-ìlú kúrò l'Ékòó, Babangida ló sì kó o lọ nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1991. Àwọn olú iléeṣẹ́ ọmọ ogun kó tẹ̀ lé e. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 sọ ọ́ ní abala 218 pé ààrẹ ni olórí gbogbo ọmọ ogun, òun ló ń sọ ibi tí wọ́n máa ti lò wọ́n, òun ló sì ń yan ọ̀gá àgbà wọn. Iléeṣẹ́ ètò ààbò tí néfì wà lábẹ́ rẹ̀ wà ní Àbújá, nínú ilé kan tí wọ́n ń pè ní Ship House. (Ẹ rẹ́rìn-ín bó bá pa yín lẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.) Olórí àwọn ọ̀gá ológun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó ń pín owó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń bá gbogbo wọn ṣe ìpàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ló fẹ́ máa ṣe l'Ékòó?

Owó gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí, torí òun ló jẹ́ ìdajì iṣẹ́ olú iléeṣẹ́. Ẹni tó ni mọ́tò kì í jókòó sídìí sítiarìn, ṣùgbọ́n bí kò bá ra táyà, mọ́tò ò ní kúrò ní gáréèjì. Olú iléeṣẹ́ ló ń kọ ohun tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan nílò sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, òun ló ń lọ gbèjà rẹ̀ níwájú àwọn aṣòfin, òun ló ń pín ohun tí wọ́n bá fún un. Òun náà ló ń pinnu bóyà ká ra ọkọ̀ tuntun, ká gba àlòkù, tàbí ká kàn án fúnra wa, a sì ti ṣe gbogbo rẹ̀. NNS Thunder àti NNS Okpabana, àlòkù ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà ni wọ́n. Ìjọba sí ìjọba ni wọ́n ti sọ ọ́. NNS Andoni, tí wọ́n ṣí ní 2012, Èkó níbí ni wọ́n ti kàn án, ní ibùdó ìkànkọ̀ néfì tó wà ní Victoria Island. Ibi tó wuyì jù lọ nínú ìtàn wọn nìyẹn lójú mi, àwọn oníròyìn ò sì pariwo rẹ̀ tó.

Ibi tó dunni jù ńkọ́? NNS Aradu ni. Hamburg ní Jámánì ni wọ́n ti kàn án, ó dé ọwọ́ wa ní 1982, kò sì sí ọkọ̀ ogun mìíràn nílẹ̀ adúláwọ̀ tó rọrùn láti fi wé e nígbà yẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi dúró lójú kan l'Ékòó nígbà tó yá, torí àtúnṣe rẹ̀ ju owó tó wà nílẹ̀ lọ. Ẹ sọ fún ará ibi iṣẹ́ yín kó rántí pé olú iléeṣẹ́ ṣì wà l'Ékòó ní gbogbo ọdún àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ náà lò. Sísún mọ́ omi kò gbà á.

Yàtọ̀ sí owó, àwọn ló ń sọ ẹni tó máa lọ darí ọkọ̀ wo, ẹni tó yẹ fún ìgbéga, ẹ̀kọ́ tí ọ̀dọ́ ológun máa kọ́. Ẹ̀ka ẹ́ńjìnnì wà níbẹ̀, ti ìlànà, ti ìṣàkóso, ti ìṣirò owó. Bébà pọ̀ níbẹ̀, kò sírọ́.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tó kan òkun tààrà. Ní oṣù Keje 2021 ni ìjọba ṣí ètò kan tí wọ́n ń pè ní Falcon Eye. Wọ́n gbé rédà àti kámẹ́rà sí àwọn ibì kan lẹ́bàá etíkun wa, wọ́n sì so gbogbo rẹ̀ mọ́ gbọ̀ngàn kan ní olú iléeṣẹ́. Gbogbo ọkọ̀ ńlá tó ń rìn láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn ló gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀rọ kan tó ń kéde orúkọ rẹ̀, ibi tó wà, bó ṣe ń sáré tó àti ibi tó dorí kọ. AIS ni wọ́n ń pè é. Tí ọkọ̀ bá pa ẹ̀rọ náà, rédà ṣì lè rí irin rẹ̀ lórí omi. Nítorí náà, ohun tí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ní Àbújá ń wá ni èyí tí kò bára mu: rédà rí ọkọ̀, àmọ́ ọkọ̀ náà ò sọ orúkọ rẹ̀, tàbí ó sọ orúkọ, ṣùgbọ́n kò yẹ kó wà níbi tó wà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ MT Heroic Idun ṣàlàyé. Nínú oṣù Kẹjọ 2022, ọkọ̀ arúpo kàǹkà kan, tí gígùn rẹ̀ ju 330 mítà lọ, tí èèyàn 26 sì wà nínú rẹ̀, dé ibi tí wọ́n ti ń fa epo ní Akpo, lójú òkun tó jìnnà sí etíkun. Néfì ní kò ní ìwé àṣẹ láti gbé epo. Wọ́n rí i lójú ẹ̀rọ, wọ́n rán NNS Gongola lọ bá a lóru. Gongola ní kó tẹ̀ lé òun lọ sí Bonny. Ọkọ̀ náà kọ̀, ó yí orí padà, ó sì sá lọ. Ó tún kéde fáyé pé ajalèlókun ló ń lé òun. Àwọn tó ni ín ní ohun táwọn atukọ̀ náà rò lóòótọ́ nìyẹn, torí òkùnkùn. Néfì ní irọ́ ni.

Ní báyìí, ọkọ̀ ti jáde kúrò nínú omi wa. Ọ̀gá Gongola kò lè lé e wọ omi ẹlòmíràn. Ibí yìí ni ẹ ti máa rí ohun tí olú iléeṣẹ́ wà fún. Wọ́n ń tọpa ọkọ̀ náà lójú ẹ̀rọ, wọ́n sì ń bá àwọn aládùúgbò sọ̀rọ̀, nítorí pé àwọn orílẹ̀-èdè etíkun ìwọ̀-oòrùn àti àárín Áfíríkà ti fọwọ́ sí àdéhùn ní Yaoundé ní 2013 pé àwọn á máa ran ara wọn lọ́wọ́ lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Equatorial Guinea mú ọkọ̀ náà. Oṣù Kọkànlá kí wọ́n tó fi í lé Nàìjíríà lọ́wọ́, nítorí ìyẹn gba ìjọba sí ìjọba, agbẹjọ́rò sí agbẹjọ́rò. Wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Port Harcourt, ẹjọ́ náà sì parí pẹ̀lú ìfẹnukò ní 2023. Ọkọ̀ Gongola ṣe tirẹ̀ ní alẹ́ kan. Olú iléeṣẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án.

Irú rẹ̀ náà ni ti ọkọ̀ apẹja kan tí àwọn ará Ṣáínà ni, tí ajalèlókun jí gbé ní omi Côte d'Ivoire ní 2020. Néfì wa gba àwọn èèyàn 18 tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì mú ajalèlókun mẹ́wàá. Ilé ẹjọ́ l'Ékòó rán wọn lẹ́wọ̀n ọdún méjìlá lọ́dún tó tẹ̀ lé e, lábẹ́ òfin tuntun tí wọ́n ṣe lórí ajalèlókun ní 2019. Kí òfin yẹn tó wà, mímú àwọn èèyàn yìí kò ṣòro tó pé kéèyàn rí ẹ̀sùn tó bá ohun tí wọ́n ṣe mu kà sí wọn lọ́rùn. Àbújá náà ni wọ́n ti ń ṣòfin.

Èyí mú mi dórí olè epo tí ẹ béèrè. Kì í ṣe inú òkun ńlá ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Inú odò tóóró, inú igbó ẹ̀gbá, níbi tí wọ́n ti ń lu páìpù, tí wọ́n sì ń fi ọkọ̀ kéékèèké kó o jáde. Ọkọ̀ ogun ò wọ irú ibẹ̀; ọmọ ogun inú ọkọ̀ kékeré, tó mọ ọ̀nà, tó sì ní epo nínú táǹkì, ló lè wọ̀ ọ́. Tí néfì bá mú èèyàn, òun kọ́ ló ń pè é lẹ́jọ́. EFCC tàbí àjọ mìíràn tó bá kàn ló máa fà á lé lọ́wọ́. Tí ẹjọ́ náà bá wá ń falẹ̀, ọkọ̀ tí wọ́n mú á kàn dúró síbẹ̀ títí táá fi dípẹtà. Bí èmi bá fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà lórí ọ̀rọ̀ yìí, ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìlú tí ọ́fíìsì wà. Mo gbà pé bébà Àbújá lè fa ìdádúró, ṣùgbọ́n bébà Èkó náà falẹ̀ nígbà ayé rẹ̀.

A ò sì dá nìkan ṣe é. Olú iléeṣẹ́ néfì Íńdíà wà ní New Delhi tó jìnnà sí òkun gan-an, àwọn kọmáàńdì wọn sì wà ní Mumbai, Visakhapatnam àti Kochi. Ti Faransé wà ní Paris, ti Brazil ní Brasília. Rọ́ṣíà nìkan ni mo mọ̀ tó dédé gbé tirẹ̀ kúrò ní olú-ìlú lọ sétí omi láìpẹ́ yìí: ní 2012 ni wọ́n kó o kúrò ní Moscow padà sí Saint Petersburg. Ọ̀pọ̀ ló sọ pé owó ńlá ni wọ́n fi ṣòfò.

Ẹ má wulẹ̀ da néfì pọ̀ mọ́ NIMASA o. NIMASA kì í ṣe ológun. Àjọ tó ń rí sí òwò ọkọ̀ àti ààbò ìrìnnà ojú omi ni, Èkó sì ni olú iléeṣẹ́ tirẹ̀ wà, bíi ti NPA. Ó bójú mu bẹ́ẹ̀, torí pé àwọn oníbàárà wọn, ìyẹn àwọn ọlọ́kọ̀ àti àwọn atukọ̀, Èkó ni wọ́n wà.

Ó ku ti ọmọ ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ sọ fún un kó má lọ sí Àbújá, kó má sì fún ẹnikẹ́ni lówó pé ó mọ èèyàn ní olú iléeṣẹ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù, ní ojúlé ìforúkọsílẹ̀ néfì fúnra rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Kó máa wo ìkéde wọn. Bí ìwé ẹ̀rí girama ló ní, tó sì yege, Onne ní ìpínlẹ̀ Rivers ni wọ́n máa rán an lọ kọ́ṣẹ́ ọmọ ogun. Bó bá ń fẹ́ di ọ̀gá látìbẹ̀rẹ̀, kó ṣe JAMB, kó sì fi orúkọ sílẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ ológun NDA ní Kaduna, tí òun náà kò ní òkun. Bó bá ti jáde yunifásítì, ọ̀nà mìíràn wà fún àwọn tó ti gboyè. Èyí tó wù kó gbà nínú rẹ̀, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ dáadáa láti ìsinsìnyí, kó sì lọ ṣàyẹ̀wò ojú rẹ̀. Bí wọ́n bá rí i níbi àyẹ̀wò pé kò lè fi ojú mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé, ó lè tibẹ̀ padà sílé, torí iná pupa àti iná àwọ̀ ewé ni ọkọ̀ fi ń mọ ara wọn lóru.